Ẹnubodè kan wà nínú ikùn yín o!

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé kejì sí tiwa ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Dẹ́rẹ́bà kan ló jí nídàájí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ẹ̀jẹ̀ ni o! Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ará ilé ti dájọ́. Wọ́n ní májèlé ni, wọ́n ní ìyàwó kékeré ló fún un jẹ. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lu ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n tó rántí gbé aláìsàn lọ sọ́síbítù.

Nígbà tí dókítà máa sọ̀rọ̀, kò dárúkọ ìyàwó kankan. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ò rí ọ̀nà kọjá mọ́ lẹ́nubodè ẹ̀dọ̀ ọkùnrin náà. Gbogbo wa ń wo ara wa lójú. Ẹnubodè kẹ̀? Nínú ikùn èèyàn?

Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹ ṣáà ti rí ẹ̀dọ̀ lórí tábìlì alápatà rí. Tẹ́ ẹ bá yí i padà, ẹ máa rí òróòro lábẹ́ ẹ̀. Àwọn àgbà tó ní ká fẹ̀dọ̀ lórí òróòro kò parọ́, bó ṣe wà gan-an nìyẹn. Nítòsí ibẹ̀ ni ojú ihò kan wà tí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọnú ẹ̀dọ̀. Àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ló sọ ibẹ̀ lórúkọ ẹnubodè. Plato, ọlọ́gbọ́n wọn tó gbáyé ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, ti mẹ́nu bà á nínú ìwé ẹ̀. Àwọn tó ń sọ èdè Látìn náà pè é ní porta, ẹnubodè náà ni. Ibẹ̀ ni iṣan ńlá tó ń lọ síbẹ̀ ti rí orúkọ ẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní portal vein. Ṣé ẹ rí i, iṣan yẹn fúnra ẹ̀ kọ́ ni ẹnubodè. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ni, bí a ṣe ń pe ọ̀nà tó lọ sí Ìbàdàn ní ọ̀nà Ìbàdàn.

Iṣan náà ò gùn rárá, nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 8 péré. Iṣan méjì ló pàdé di òun: ọ̀kan ń ti ìfun bọ̀, èkejì ń ti apá òsì ikùn bọ̀. Ti àpòlúkù náà ń dà sínú ẹ̀. Àwọn iṣan tó ń kó ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ọ̀dọ̀ ọkàn ni wọ́n ń kó o lọ. Tiẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀. Tá a bá pín ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀ sọ́nà mẹ́rin, bíi mẹ́ta nínú ẹ̀ ló jẹ́ pé iṣan yìí ló gbé e wá.

Ẹ rántí oníbodè ayé àtijọ́, tí kì í jẹ́ kẹ́rù wọ̀lú láìtú u wò. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ nìyẹn. Ṣúgà tó wà nínú ẹ̀bà tẹ́ ẹ jẹ, paraga tẹ́ ẹ dà sọ́nà ọ̀fun ní gáréèjì, oògùn ẹ̀fọ́rí, àgbo tẹ́ ò mọ ohun tí wọ́n fi sè é, iwájú ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ń gbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí àwọn kan tó lárùn ọkàn fi oògùn sábẹ́ ahọ́n, kó lè gba ọ̀nà ibòmíì kọjá láìrí oníbodè.

Wàhálà dé tí oníbodè fúnra ẹ̀ bá ń ṣàìsàn. Ọtí àmujù lè bà á jẹ́. Kòkòrò hepatitis B àti C lè bà á jẹ́. Ẹ̀dọ̀ á kún fún àpá, á le gbagidi, ẹ̀jẹ̀ ò ní rọ́nà kọjá. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ mọ sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ dáadáa. Tí títì bá dí, ṣebí inú àdúgbò làwọn onímọ́tò ń yà sí? Ohun tí ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣe nìyẹn. Á ya sínú àwọn iṣan kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún pọ̀ ju agbára wọn lọ. Wọ́n á wú, títí ọ̀kan á fi bẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ tí dẹ́rẹ́bà wa bì nìyẹn. Ìdádúró yìí kan náà wà lára ohun tó ń jẹ́ kí omi kún ikùn ẹlòmíì, táwọn èèyàn á ní ayé ló ṣe é.

Àwọn dókítà ti ẹ̀rọ bọ ọ̀fun ẹ̀, wọ́n fi rọ́bà kékeré so iṣan tó bẹ́. Hepatitis B ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Kò mọ̀ rí, ibì kankan ò sì dùn ún. Ọ̀dàlẹ̀ ni kòkòrò yẹn, ó lè gbé ara èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfọhùn. Ìyá lè kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀ àti abẹ tí wọ́n ń jọ lò náà lè gbé e ranni. Àjọjẹun kì í gbé e ranni o! Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún B, oògùn tó ń kápá ẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni oògùn tó ń wo C sàn wà. Ọmọ tuntun ò sì gbọdọ̀ pẹ́ kó tó gba abẹ́rẹ́ ti B.

Ọkùnrin náà ti padà sílé. Ìyàwó kékeré tí wọ́n fẹ́ lù lọ́jọ́sí ló ń bá a ka oògùn ẹ̀ láràárọ̀. Títí dòní, mi ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan nínú ilé yẹn lọ bẹ̀ ẹ́.

Ó tún dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.