Ìdí-Ìrókò ń kọ́? Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè mọ́ ará abúlé

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àwa mẹ́fà jókòó sílé ọ̀rẹ́ wa kan ní Dagenham Heathway, à ń wo fídíò láti abúlé kan ní West Bank, nílẹ̀ Palestine. Àgbẹ̀ kan dúró sídìí géètì onírin, ó ń retí kí sójà wá ṣí i kó tó lè lọ ká èso ólífì nínú oko bàbá rẹ̀. Gbogbo wa la ní nǹkan sọ. A mọ orúkọ ìlú, a mọ ọdún, a mọ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé wo. Màmá ọ̀rẹ́ wa, tó ń tẹbà lọ́wọ́ nílé ìdáná, kàn bi wá léèrè pé, "Ìdí-Ìrókò ń kọ́?" Ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ló mọ apá ibi tó wà.

Ojú tì wá díẹ̀. Torí náà la ṣe lọ wádìí.

Ìdí-Ìrókò jẹ́ ìlú ẹnubodè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, ìpínlẹ̀ Ògùn. Béèyàn bá fẹsẹ̀ rìn kọjá géètì, Ìgòlò ló máa kàn ní orílẹ̀-èdè Benin, kó tó máa lọ sí Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Àwọn èèyàn ìhà méjèèjì gbọ́ èdè ara wọn, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Tí ẹ bá lọ sókè sí apá Ìmẹ̀kọ, Ìlárá wà níbẹ̀: inú ìlú gan-an ni ààlà gbà kọjá. Kì í ṣe àwọn ará ìlú ló fa ìlà yìí. Ìlú Paris ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fọwọ́ sí i ní 1889, wọ́n sì tún fa èyí tó kù ní 1898. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó wà lábẹ́ Kétu tẹ́lẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ fúnra rẹ̀, ti kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 1976. Àwa tá à ń ka ìtàn ní yunifásítì níbí, kò sẹ́ni tó fún wa kà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Fàyàwọ́ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ dá dúró: ìrẹsì tó ń gba Benin wọlé, epo bẹntiróòlù tó ń gba Nàìjíríà jáde, àti ohun ìjà. Ọjọ́ 28 ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Ó di ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó ṣí mẹ́rin nínú àwọn ẹnubodè náà, Sẹ̀mẹ̀ sì ni ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn tó kù yóò ṣí kọ́dún náà tó parí. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni iléeṣẹ́ aṣọ́bodè tó kọ̀wé pé kí Ìdí-Ìrókò náà ṣí. Ẹ ka iye oṣù tó wà níbẹ̀: ó lé ní ọgbọ̀n.

Nígbà tọ́rọ̀ náà le jù, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ọ̀gá àgbà aṣọ́bodè nígbà náà, Hameed Ali, sọ ọ́ gbangba pé ọjà kankan kò gbọdọ̀ gba ẹnubodè ilẹ̀ wọlé tàbí jáde, ìbáà bá òfin mu, ìbáà má bá a mu. Ẹni tó bá ń gbọ́ èyí l'Ábùjá lè máa ro tírélà. Ní Ìpókíá, ọjà ni agbọ̀n tòmátì, ọjà ni gààrí tí obìnrin rù sórí, ọjà ni aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n rán lọ́hùn-ún nítorí pé télọ̀ ọ̀hún ló mọ̀ ọ́n rán. Ta ló ń rìn lọ́wọ́ òfo lọ sílé àna?

Màmá ọ̀rẹ́ wa sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fún wa. Ìpókíá ni ìyá náà ń gbé, ọmọ rẹ̀ sì lọ́kọ sí Ìgòlò. Nígbà tí ọmọ yìí bímọ, lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan tí wọ́n ti ti ẹnubodè, ọ̀kadà ló gbé ìyá àgbà gba inú igbó lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ní iye owó tí kò san rí láyé rẹ̀. Nígbà tó ń bọ̀, wọ́n di ìrẹsì díẹ̀ fún un látinú ohun tí wọ́n fi ṣe ìnáwó. Lójú ọ̀nà, àwọn kan tó wọ aṣọ ìjọba gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní fàyàwọ́ ni. Ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni wọ́n ń pè ní onífàyàwọ́, nítorí ìrẹsì ìkómọ.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Onífàyàwọ́ tòótọ́ ní owó, ó ní mọ́tò, ó mọ ọ̀nà igbó, ó sì mọ ẹni tó yẹ kó rí. Ibodè títì a máa wọ́n ọjà rẹ̀ lówó, ìyẹn nìkan náà kọ́, èrè rẹ̀ tún lè pọ̀ sí i. Ẹni tí kò ní ju ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni géètì ń dá dúró.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni èyí tó yà wá lẹ́nu jù wáyé. Iléeṣẹ́ aṣọ́bodè pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ já epo bẹntiróòlù sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ìpókíá wà nínú kìlómítà 20 yẹn, Ìhùnbọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ rò ó wò. Bẹntiróòlù ló ń yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata àti gbágùúdá. Òun ló ń gbé ọ̀kadà tó ń gbé aláboyún lọ sílé ìwòsàn. Òun ló ń tan jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná bá lọ. Ọmọ Nàìjíríà ni ẹni tó ń gbé níbẹ̀, ó ń dìbò, ṣùgbọ́n nígbà náà kò lè ra epo nílùú ara rẹ̀ nítorí pé ìlú náà sún mọ́ ààlà tí kò bá wọn fà.

Ṣé ó kúkú ṣiṣẹ́? Àwọn tó ń gbin ìrẹsì àti àwọn tó ń lọ̀ ọ́ nílé rí ọjà tà, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò àjọ NBS, ọ̀wọ́n gógó oúnjẹ wà ní ìdá 13.17 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù tí wọ́n ti ẹnubodè. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ó ti di ìdá 18.30. Kòrónà dá kún un lóòótọ́, síbẹ̀ ó ti ń gòkè kí kòrónà tó dé. Bẹ́ẹ̀, láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Nàìjíríà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn ìṣòwò gbogbo Áfíríkà ní oṣù Keje ọdún 2019, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré kó tó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ má ṣì wá gbọ́. A ò sọ pé Ìpókíá àti West Bank dọ́gba. Abẹ́ ìgbékalẹ̀ ológun Israel ni West Bank wà láti 1967. Àjọ OCHA ti ìparapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè ka ohun ìdíwọ́ ojú ọ̀nà tó jẹ́ 849 níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, láti orí géètì dé òkìtì iyẹ̀pẹ̀. Ìjọba tí àwọn ará Ìpókíá bá wọn dìbò yàn ló ti tiwọn, wọ́n sì lè bínú sí i nínú àpótí ìdìbò. Àgbẹ̀ inú fídíò yẹn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ohun tó jọra ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárọ̀: ọ̀nà tí bàbá rẹ ń gbà láìbi ẹnikẹ́ni ti di ohun tí o ń tọrọ, wákàtí tó yẹ kó o fi ṣiṣẹ́ sì ń tán sídìí géètì. Ẹni tó bá mọ èyí láti Ìdí-Ìrókò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa Palestine yóò ní ìwúwo ju ti àwa tá a kọ́ ọ lórí fóònù.

Kò sì tíì di ìtàn àtijọ́. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje ọdún 2023, ECOWAS ní kí wọ́n ti ẹnubodè. Ti Nàìjíríà àti Niger kò ṣí títí di oṣù Kẹta ọdún 2024. Ní ti ọmọ Yorùbá tó bá tọ́jọ́ lórí, Buhari kan náà, nígbà tó jẹ́ ológun, ló ti ẹnubodè pa ní 1984, tí kò ṣí títí di 1986. Ní Ìpókíá, ìyá kan lè ti rí ìgbà méjì.

Ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́jọ́ náà ti ń lọ iléèwé báyìí ní Ìgòlò. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Lálẹ́ ọjọ́ Sunday ni ìyá àgbà rẹ̀ máa ń pè é láti Ìpókíá, Yorùbá ló sì ń bá a sọ, bí ẹnubodè ṣí, bí kò ṣí.