Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì Tí Ó Ń Tọ́mọ Lọ́wọ́

Ẹ̀yin abiyamọ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì wa ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lóṣù yìí. Láti ọdún 1965 tí Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè nínú iṣẹ́ yìí, tí Ifẹ̀ sì tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì ti di olùwádìí pẹ̀lú.

Ẹ súnmọ́ olùkọ́ tí ń ṣe ìwádìí. Yóò rán yín tòun ti ìwé àti kálàmù lọ bá àwọn ìyá, kí ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ń fi sí ìwọ́ ọmọ tuntun nílé, àti ìdí rẹ̀. Ẹ kò lọ bá wọn wí o! Ojú ìwọ́ ni tẹ́tánọ́ọ̀sì lè gbà pa ọmọ. Ìyá tí ẹ bá sì jágbe mọ́, irọ́ ni yóò pa fún yín. Olùkọ́ yóò fa igi pupa sí ohun tí ẹ kọ, yóò ní kí ẹ padà lọ. Ẹ má bínú.

Ẹ má dúró kó tó pè yín: ẹ mú ìbéèrè kan láti wọ́ọ̀dù lọ bá a (ìbéèrè ni mo wí, kì í ṣe ẹ̀bùn). Bí ó bá dá ọjọ́ Àbámẹ́ta fún yín, ẹ se ọbẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí baba ọmọ gbé e kaná láàárọ̀.