Bí ẹjọ́ bá ti fẹ́ parí, ìgbà wo ló yẹ kí adájọ́ tún sún un síwájú?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìdí nìyí tí adájọ́ fi gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu olùpẹjọ́, kó sì gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, kó tó dájọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé kóòtù rí lórílẹ̀-èdè yìí mọ gbólóhùn kan tó ti sú àwọn èèyàn: "A sún ẹjọ́ yìí síwájú." Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà máa ń dun èèyàn jù ni ìgbà tí àwọn ẹlẹ́rìí ti fẹ́ẹ̀ sọ tẹnu wọn tán, tí lọ́yà wá dìde pé ara oníbàárà òun kò yá, tàbí pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹjọ́ náà ni.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 36, fún ẹni tó ń jẹ́jọ́ ní ẹ̀tọ́ méjì tó máa ń kọlu ara wọn. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láàárín àkókò tó bójú mu. Èkejì ni pé kí wọ́n fún un láyè tó tó láti múra sílẹ̀, pẹ̀lú lọ́yà tó wù ú. Bí adájọ́ bá kánjú jù, ó tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Bó bá sì ń fi falẹ̀, àkọ́kọ́ ló bàjẹ́.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní ACJA, gbìyànjú láti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Abala 396 rẹ̀ ní kí ìgbẹ́jọ́ máa wáyé lójoojúmọ́. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹnikẹ́ni nínú olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ju ìsúnsíwájú márùn-ún lọ, àárín ọ̀kan sí èkejì kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ 14 lọ. Bí márùn-ún bá pé tí ẹjọ́ kò tíì parí, ọjọ́ 7 ni, òpin ọ̀sẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Adájọ́ tún lágbára láti ní kí ẹni tó ń fi ẹjọ́ falẹ̀ láìnídìí sanwó.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ẹjọ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Abia tẹ́lẹ̀, Orji Uzor Kalu. Ní 2007 ni àjọ EFCC gbé e lọ sí kóòtù. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn títí dé Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, ó sì di 2016 kí wọ́n tó ní kó padà lọ jẹ́jọ́. Nígbà tí ẹjọ́ ń lọ sópin ní 2018, wọ́n gbé adájọ́ tó ń gbọ́ ọ lọ sí Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n fún un láṣẹ pé kó padà wá parí rẹ̀, ó sì rán Kalu lọ sẹ́wọ̀n ọdún 12 ní oṣù Kejìlá, 2019. Ní oṣù Karùn-ún, 2020, Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ da gbogbo rẹ̀ nù, wọ́n ní adájọ́ tó ti gba ìgbéga kò lágbára mọ́ láti jókòó ní ilé-ẹjọ́ tó ti kúrò. Ohun tí ìfàsẹ́yìn máa ń dá sílẹ̀ nìyẹn: bí ẹjọ́ bá pẹ́ nílẹ̀, adájọ́ lè kúrò, ẹlẹ́rìí lè kú, iṣẹ́ ọdún 13 á sì di òfo.

Ẹjọ́ Olisa Metuh, agbẹnusọ ẹgbẹ́ PDP tẹ́lẹ̀, kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ òdìkejì. Ní oṣù Kejì, 2018, orí ibùsùn aláìsàn ni wọ́n fi gbé e wọ kóòtù ní Abuja. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ó ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀. Adájọ́ kò gbà kí ìyẹn dá ẹjọ́ dúró, ó sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 7 fún un ní oṣù Kejì, 2020. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí adájọ́ lò fi hàn pé ó ti ní ẹ̀tanú sí Metuh, wọ́n sì ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Adájọ́ lè kọ̀ láti sún ẹjọ́ síwájú o, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó máa fi kọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ́.

Lójú tiwa, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí adájọ́ bi ara rẹ̀ lásìkò bẹ́ẹ̀. Ṣé ohun tí wọ́n ń tọrọ àyè fún ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni, àbí wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ tí wọ́n pa á mọ́ra? Ṣé ó lè yí ìdájọ́ padà? Ọjọ́ mélòó ló máa gbà? Lọ́yà tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ lánàá kì í ṣe ẹgbẹ́ olùjẹ́jọ́ tó ń pààrọ̀ lọ́yà fún ìgbà kẹta. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àìsàn, kí dókítà ilé ìwòsàn ìjọba yẹ ẹni náà wò, kí adájọ́ má sì dá ọjọ́ tó jìnnà.

Ìbéèrè náà kò yọ ìjọba sílẹ̀. Àìmọye ìgbà ni ẹjọ́ máa ń dúró nítorí pé ọlọ́pàá tó ṣe ìwádìí ti lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Olówó tó gba béèlì ń sùn nílé rẹ̀ bí ẹjọ́ ṣe ń falẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lé ní ìdajì àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n wa tí kóòtù kò tíì dá lẹ́bi. Bí wọ́n bá sún ẹjọ́ irú wọn síwájú, inú àhámọ́ ni wọ́n ti máa dúró de ọjọ́ náà. Adájọ́ tó bá fẹ́ fún olùpẹjọ́ láyè lásìkò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bojú wo ẹni tó dúró nínú àpótí ẹ̀sùn, kó sì béèrè ibi tó máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lóòótọ́, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ kì í ṣe ìfàfalẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn adájọ́ wa mọ ìyàtọ̀ wọn.