Ilẹ̀ Yàrá Tó Ń Dán: Ohun Tí Àwọn Akunmọ́tò Suame Mọ̀

Ẹni tí kò dé ìlú Kumasi rí, tí ó wá gbọ́ orúkọ Suame Magazine, lè rò pé ìwé ìròyìn kan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìwé ìròyìn rárá. Ilé tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà àti ẹ̀tù sí ni orúkọ náà ti wá, nítorí ẹ̀gbẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ láàrin ìlú ni àwọn mẹkáníìkì ti kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Suame, orúkọ náà sì bá wọn lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣẹ́ ọwọ́ ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnnì, àwọn tó ń jó irin, àwọn tó ń na ara mọ́tò tó ti tẹ̀, àti àwọn tó ń kùn ún títí yóò fi dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já látinú ọkọ̀ ojú omi.

Kí ló wá kan ilẹ̀ yàrá nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò? Ó kàn án gan-an ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé, láti Kumasi títí dé Ìbàdàn, sìmẹ́ńtì lásán ló wà nílẹ̀. Owó táìlì kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ ayálégbé lè fọwọ́ kàn, kápẹ́ẹ̀tì ń gbó, ó sì ń kó eruku. Ni ẹlòmíràn bá gba ọjà lọ, ó ra ọ̀dà, ó ya òdòdó àti oríṣiríṣi ọnà sílẹ̀ yàrá rẹ̀, ó sì fi fáníìṣì lé e lórí. Ilé dán, àlejò ń yìn ín. Kí òjò ọdún kan tó dá, gbogbo rẹ̀ ti ń ṣí bí èépá ojú egbò. Onítọ̀hún á ní ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún òun. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dà kò ṣẹ̀, ilẹ̀ ni kò tọ́jú.

Ẹni tó bá dúró wo bí wọ́n ṣe ń kun mọ́tò yóò rí i pé àwọ̀ fúnra rẹ̀ ló kéré jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n á ha ìpẹtà kúrò, wọ́n á dí ojú ibi tó jìn, wọ́n á fi pépà ha á, wọ́n á nu epo àti eruku nù, wọ́n á fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i, kí àwọ̀ tó dé, kí èyí tó ń dán tó kẹ́yìn. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni ti ilẹ̀ yàrá. Ohun kan ṣoṣo ló yà wọ́n: irin kì í mu omi, sìmẹ́ńtì a sì máa mu ún. Ọ̀rinrin máa ń gba abẹ́ ilẹ̀ bọ̀, bí ó bá sì bá ọ̀dà tó ti dí i pa lókè, yóò tì í sókè ni.

Àwọn ará Àṣáńtì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kun ilẹ̀. Nígbà tí Thomas Edward Bowdich, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dé Kumasi lọ́dún 1817, ó rí ohun tó yà á lẹ́nu, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1819, pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi amọ̀ pupa tí wọ́n pò mọ́ omi nu ilẹ̀ ilé títí yóò fi máa dán. Ntwoma ni orúkọ amọ̀ náà lédè wọn, àwọn obìnrin ló sì ni iṣẹ́ ọ̀hún. Irú kíkùn pupa bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára àwọn ilé òrìṣà àtijọ́ tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kumasi, bí èyí tó wà ní Besease, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé lọ́dún 1980. Ọmọ Yorùbá tó bá ń yọ ṣùtì sí èyí, kó rántí àpáàdì tí wọ́n tò bí ọnà sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí ìtàn so mọ́ orúkọ Lúwòó, Ọọ̀ni obìnrin.

Ní òkè ọ̀hún lápá àríwá Ghana, níbi tí wọ́n ń pè ní Sirigu, àwọn obìnrin ní tiwọn kò dúró lórí àwọ̀ nìkan. Wọ́n máa ń se èèpo èso igi tí wọ́n fi ń ṣe irú, omi rẹ̀ ni wọ́n sì ń wọ́n lé ògiri tí wọ́n ya ọnà sí, kí òjò má baà fọ̀ ọ́ lọ. Fáníìṣì wọn nìyẹn, kí fáníìṣì inú agolo tó dé.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ nílé lónìí, sùúrù ni kó kọ́kọ́ rà. Sìmẹ́ńtì tuntun gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ 28, ó kéré tán. Oró kan wà nínú sìmẹ́ńtì tútù tó jọ ti eérú tí àwọn ìyá fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Bó bá pàdé ọ̀dà olóróró, ọṣẹ náà ni yóò sọ ọ́ dà, ọ̀dà á sì rọ̀ bọ̀ǹtọ̀. Lẹ́yìn èyí, kó lẹ ọ̀rá mọ́ ilẹ̀, kó fi téèpù dí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, tàbí tí ojú sìmẹ́ńtì dúdú, kó wá ibi tí omi ń gbà wọlé ná. Kò sí ọ̀dà tó lè borí ìyẹn. Bó bá gbẹ, kó fi ọṣẹ fọ epo kúrò, kó ha ojú ilẹ̀, kó sì bu omi díẹ̀ lé e. Omi tó bá wọlé kíá fi hàn pé ọ̀dà yóò rí ibi dì mú. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló kàn, lẹ́yìn náà àwọ̀, lẹ́yìn náà ọnà tí wọ́n fi páálí gé. Fáníìṣì olómi ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún, sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn lọ. Iyanrìn kíkúnná díẹ̀ nínú èyí tó kẹ́yìn kò ní jẹ́ kí àgbàlagbà yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀.

Ibì kan wà tí onílé kò gbọdọ̀ ti fara wé akunmọ́tò. Ọ̀dà adán tó wà nínú agolo méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ fẹ́, ní èròjà tí wọ́n ń pè ní isocyanate nínú. Òun ni ọ̀kan lára ohun tó ń fa ikọ́ fée fún àwọn tó ń kun mọ́tò jù lọ káàkiri ayé. Áńkáṣíìfù tí wọ́n dì mọ́ imú kò dá a dúró, ó sì lè ti wọ ẹ̀dọ̀fóró kí imú tó gbọ́ òórùn rẹ̀. Nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa, tí ọmọ ń sùn sí kejì ògiri, ìwà ìkà ni kí wọ́n fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dà mọ́tò kan tó pọ́n bí ọsàn tàbí tó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè: òjé lè wà nínú wọn, ọmọ tó ń rákò sì ń fi ọwọ́ tó ti fi nulẹ̀ sẹ́nu.

Kí wọ́n tó gbé bẹ́ẹ̀dì padà, ọ̀sẹ̀ kan ni kí wọ́n fún ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì fi aṣọ sábẹ́ ẹsẹ̀ àga. Ẹnu ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ gbó. Ibẹ̀ nìkan ni kí wọ́n fi pépà ha, kí wọ́n fi fáníìṣì tuntun lé, kí ìyókù wà bó ṣe wà.