Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: Kí oníṣòwò mọ ohun tó ṣe fáànù ésì rẹ̀ kó tó ra mọ́tò tuntun

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, èyí táráyé ń pè ní ésì, ti tó ohun tó yẹ káwọn oníṣòwò kéékèèké jókòó sọ. Bí fáànù inú àpótí tí wọ́n gbé kọ́ ìta bá ti dákẹ́, ohun tí àwọn kan lára wọn máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé mọ́tò fáànù ti jóná, kí oníbàárà lọọ mówó wá. Oníbàárà tí ooru ti mú, tí kò sì mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà, á sáré mówó jáde. Tó bá fi máa di oṣù mélòó kan, wọ́n á tún padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà ló sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kì í ṣe gbogbo fáànù tó dákẹ́ ni mọ́tò rẹ̀ ti jóná. Ohun kékeré kan wà tó ń bá mọ́tò náà ṣiṣẹ́, kapásítọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń ran mọ́tò lọ́wọ́ tó fi ń gbéra nílẹ̀, tó sì fi ń yí geere. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, mọ́tò á kàn máa kùn lójú kan ni, tàbí kó máa yí bí ẹni tí kò jẹun. Owó kapásítọ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó mọ́tò. Nígbà mìíràn, wáyà tí eku jẹ tàbí pàǹtí tó há abẹ̀bẹ̀ náà ló fà á. Ẹni tó ní mítà lọ́wọ́, tó sì mọ̀ ọ́n lò, kò ní í pẹ́ kó tó mọ èyí tó bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí ò ní kéèyàn fọwọ́ lẹ́rán o. Fáànù ìta ló ń fẹ́ ooru tí ésì kó jáde nínú yàrá dànù. Tí kò bá yí, ooru náà á há síbẹ̀, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ á gbóná kọjá àlà, á máa kú, á sì máa jí. Ẹni tó bá ń fi tipátipá lò ó bẹ́ẹ̀ ń wá bí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ṣe máa jóná ni, owó ìyẹn sì ju ti mọ́tò fáànù lọ fíìfíì. Iná tó ń jẹ ńkọ́? Ní oṣù kẹrin, ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bíi náírà 68 lọ sí náírà 225 lórí yúníìtì kan. Ẹni tó ń san irú owó bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ésì tó ń jẹ iná láìmú ilé tutù sílẹ̀.

Bí àyẹ̀wò bá wá fi hàn pé mọ́tò ló kú lóòótọ́, kì í ṣe èyí tọ́wọ́ bá ṣáà ti bà lọ́jà ni kí wọ́n rà. Ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò àtijọ́ ni kí wọ́n tẹ̀ lé: fólítéèjì rẹ̀, agbára rẹ̀, bó ṣe ń yára tó, ọwọ́ ibi tó ń yí sí, àti bí ọ̀pá irin tí wọ́n ń ki abẹ̀bẹ̀ bọ̀ ṣe nípọn tó. Mọ́tò tó bá ń yí sódì kò ní í lé ooru dànù bó ṣe yẹ. Iná 50 Hz la ń lò ní Nàìjíríà, 60 Hz ni wọ́n ń lò l'Amẹ́ríkà. Mọ́tò tokunbo tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Amẹ́ríkà lè pàdánù ìdá kan nínú mẹ́fà eré rẹ̀ níbí, yóò sì máa gbóná. Kí wọ́n sì pààrọ̀ kapásítọ̀ pọ̀ mọ́ ọn, nítorí èyí tó ti rẹ̀ lè pa mọ́tò tuntun. Ésì ínfátà kò sí nínú èyí, mọ́tò tirẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ jẹ́ kó yé gbogbo oníṣòwò pé pípààrọ̀ mọ́tò fáànù kò kan gáàsì rárá. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ni gáàsì wà, kì í tán bíi bẹntiróòlù. Tó bá dín kù, ó ń jò níbì kan ni. Ẹni tó bá ní òun máa rọ gáàsì nítorí pé òun pààrọ̀ mọ́tò, kó ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ẹ̀bi náà kò sì wà lọ́rùn oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan. Bí wọ́n bá béèrè owó àyẹ̀wò, oníbàárà á fárí gá, á ní, “Ṣé o ò tíì ṣe nǹkan kan lo fẹ́ẹ́ gbowó?” Nígbà tí ìmọ̀ kò bá lówó lórí, orí ohun tí wọ́n bá rà lọ́jà ni oníṣẹ́ máa wá owó tirẹ̀ sí. Ohun tó bá ojú mu ni kí oníbàárà san owó àyẹ̀wò, kó gba rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ ohun tí wọ́n pààrọ̀ sí, kó sì gba ògbólógbòó náà padà. Kí oníṣẹ́ náà pa iná níbi brẹ́kà, kó má sì gbàgbé pé iná ṣì lè wà nínú kapásítọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á. Kí oníṣòwò má ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò.

Owó téèyàn bá san láti mọ ìdí ọ̀ràn kì í ṣe ìnákúnàá. Oníṣẹ́ tó bá sọ fún oníbàárà pé kapásítọ̀ lásán ló bàjẹ́ lè pàdánù èrè díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n máa tún pè lọ́jọ́ mìíràn, òun náà ni wọ́n sì máa júwe fún aládùúgbò.