Ìbẹ̀rù Pàṣán

Ọ̀rọ̀ òbí àti nínà ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Lóòótọ́, Sweden ti fòfin dè é láti 1979. Scotland tẹ̀lé e ní 2020, Wales ní 2022. Níbẹ̀, ìgbátí kan lè gbé bàbá dé iwájú ọlọ́pàá.

Ẹ jẹ́ ká fi òfin sílẹ̀ ná. Ní àwọn ọdún 1960, Diana Baumrind, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Berkeley, pín òbí sí mẹ́ta: èyí tó le koko tí kì í gba àlàyé, èyí tó ń jẹ́ kí ọmọ ṣe tinú ara rẹ̀, àti èyí tó lófin nílé tó sì ń gbọ́ tẹnu ọmọ. Ó rí i pé ọmọ òbí kẹta yìí ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù láàárín ẹgbẹ́.

Ká ní abọ́ fọ́ nílé ìdáná. "Ta ló fọ́ ọ?" Pàṣán ti wà lọ́wọ́ ìyá. Ọmọ ní ológbò ni. Ẹ má pè é lópùrọ́ o, ẹgba ló ń sá fún. Bí àgbàlagbà kan bá wá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ lọ́la, ta ni yóò sọ fún?

A ò ní kẹ́ ẹ kẹ́ ọmọ bàjẹ́. Ṣebí ojú lásán làwọn ìyá wa fi ń bá wa wí níwájú àlejò, a sì ń gbọ́.

Ìyá àgbà tó bá sì ń múra àtilọ bá ọmọ gbé ní Cardiff, ní Wales, kó fi pàṣán sílẹ̀ sílé. Òfin Wales ò yọ àlejò sílẹ̀.