Góòlù Méjìlá Kọ́ Lẹ̀ṣẹ̀

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Indonéṣíà gbàlejò ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin Éṣíà tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 17 lọ, ní erékùṣù Bali. Àwọn àlejò sì fi ojú onílé gbolẹ̀. Philippines lù wọ́n ní 6-1, Kòríà Gúúsù rọ̀jò góòlù 12 sínú àwọ̀n wọn láìjẹ ẹyọ kan, Kòríà Àríwá wá fi mẹ́sàn-án kádìí rẹ̀. Góòlù 27 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, níṣojú ará ilé wọn.

Irú èsì báyìí ló ń mú kí àwọn kan máa pariwo pé kí wọ́n pín ìdíje náà sí méjì: kí ọ̀gá máa bá ọ̀gá gbá, kí àwọn yòókù wá ibi tiwọn lọ. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfìfo. Láti ọdún 2005 tí ìdíje yìí ti bẹ̀rẹ̀ títí di ti Bali, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n ti gbá a, orílẹ̀-èdè mẹ́ta péré ló sì ti gba ife rẹ̀. Jàpáánù gba mẹ́rin, Kòríà Àríwá gba mẹ́rin, Kòríà Gúúsù gba ẹyọ kan. Àwọn mẹ́ta yìí náà ni kò jẹ́ kí ayé sinmi: nínú Ife Àgbáyé mẹ́sàn-án tí àwọn ọmọbìnrin ọjọ́ orí yìí ti gbá láti 2008 sí 2025, mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ wọn. Nàìjíríà náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Ní ọdún 2010, ní Trinidad and Tobago, àwọn ọmọ wa gbá góòlù márùn-ún wọlé Kòríà Gúúsù, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́, 6-5. Yeo Min-ji ti Kòríà Gúúsù nìkan gbá mẹ́rin wọlé. Ta ló ń gbá márùn-ún wọlé tó tún ń fìdí rẹmi?

Àmọ́ àwọn tó fẹ́ pín ìdíje náà, iye góòlù ni wọ́n ń kà, wọn ò wo ilé tí àwọn ọmọ náà ti jáde wá. Bí wọ́n bá fẹ́ wò ó, kí wọ́n lọ sí Kalsindur.

Abúlé ni Kalsindur, ní agbègbè Mymensingh lórílẹ̀-èdè Bangladesh, lẹ́sẹ̀ òkè Garo, nítòsí ẹnubodè Íńdíà. Nígbà tí ìjọba Bangladesh dá ìdíje bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2011, àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kó àwọn ọmọ wọn jọ, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù. Ilé ẹ̀kọ́ abúlé yẹn ló wá di ibi tí ikọ̀ orílẹ̀-èdè ti ń ṣa agbábọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni Maria Manda ti wá, ibẹ̀ ni Sanjida Akter ti wá.

Ojú wọn rí nǹkan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, Kathmandu ni ikọ̀ àwọn ọmọbìnrin Bangladesh tí kò ju ọdún 14 lọ wà, tí wọ́n ń dúró de àṣekágbá, nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Nepal. Wọ́n kó wọn wálé. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, wọ́n padà lọ síbẹ̀, wọ́n sì na Nepal ní 1-0. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní Dhaka, wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún láti yege fún ìdíje Éṣíà náà, wọ́n borí nínú márààrún, wọ́n sì wọ inú àwọn mẹ́jọ tó dáńtọ́ jù ní Éṣíà. Ẹ̀bùn wo ni wọ́n fún wọn? Ọkọ̀ akérò ni àwọn ọmọ Kalsindur wọ̀ padà sílé, ibẹ̀ ni àwọn kan sì ti ń sọ ìsọkúsọ sí wọn.

Nígbà tí wọ́n dé Thailand fún ìdíje náà ní 2017, Kòríà Àríwá lù wọ́n ní 9-0, Jàpáánù ní 3-0, Australia ní 3-2. Wọn ò mú àmì kankan bọ̀. Bó bá jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ pín ìdíje ni, ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ wọn parí sí. Ṣùgbọ́n wọ́n tún padà lọ ní 2019, wọ́n sì bá Australia ta ọ̀mì 2-2. Ní 2022, ikọ̀ àgbà tí àwọn ọmọ yìí ti dàgbà wọ̀ gba ife Gúúsù Éṣíà ní Kathmandu, wọ́n tún gbà á ní 2024. Ní oṣù Keje ọdún 2025, agbábọ́ọ̀lù wọn, Ritu Porna Chakma, gbá méjì wọlé Myanmar, 2-1, Bangladesh sì yege fún ìdíje àwọn àgbà obìnrin Éṣíà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Góòlù mẹ́sàn-án kò pa wọ́n, nítorí wọ́n ní ibi tí wọ́n ń padà sí: pápá ilé ẹ̀kọ́, àgọ́ ìgbaradì, ìdíje mìíràn tó ń bọ̀. Kí ni àwọn ọmọ Bali padà sí? Líìgì àwọn obìnrin Indonéṣíà tí wọ́n gbá ní 2019 kò tíì padà wáyé nígbà tí wọ́n ń jẹ góòlù 27 yẹn. Torí pé ilé wọn ni wọ́n ti gbá ìdíje náà ni wọ́n fi rí àyè wọlé, láìdíje fún un.

Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ife nìkan díwọ̀n. Kòríà Àríwá tó gba Ife Àgbáyé ọdún 17 ní 2024 àti 2025 kò dé Ife Àgbáyé àwọn àgbà kankan lẹ́yìn ti 2011 títí di 2025. Oògùn tí òfin kà léèwọ̀, tí wọ́n bá lára agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ márùn-ún lọ́dún 2011, ló mú kí wọ́n lé e kúrò nínú ti 2015.

AFC, àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù Éṣíà, ti sọ ikọ̀ mẹ́jọ di 12 láti 2026, nínú ti ọdún 17 ní Ṣáínà àti ti ọdún 20 ní Thailand. Ó ṣe dáadáa. Àyè mẹ́rin yẹn lè jẹ́ ti Bangladesh mìíràn, ó sì lè jẹ́ Bali mìíràn. Kò yẹ kí owó jẹ́ àwáwí: Bangladesh kì í ṣe olówó, olùkọ́ àti pápá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, orílẹ̀-èdè tó bá tún ní òun fẹ́ gbàlejò, kí AFC kọ́kọ́ bi í pé líìgì àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ dà. Bí kò bá rí i fi hàn, kí wọ́n gbé ìdíje náà fún ẹlòmíràn.